Ìbọ̀wọ́ Olówùú Pupa

Ìwé ìdádúró wà lórí tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá yìnyín. Wọ́n fi okùn so bírò mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Bí ẹ̀rọ tó ń gé ẹja bá dúró, olórí láìnì ni yóò kọ aago tó dúró, ohun tó dá a dúró, àti ẹni tó fà á. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, ilé ló ń lọ.

Ọdún kọkànlá rèé tí olórí láìnì ti wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀bẹ ló máa ń dúró sí. Òun ló ń to ẹja sórí bẹ́líìtì kí ọ̀bẹ má baà gé e ní wíwọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín wà ní òdìkejì, níbi tí ẹja gígé ti ń jáde, ó ń kó o sínú páálí tó ń lọ sí yàrá yìnyín. Otútù ibẹ̀ kì í ṣeré. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa sọ pé bí ènìyàn bá parọ́ níbẹ̀, irọ́ náà á ti dì kó tó dé etí ẹnìkejì. Ìbọ̀wọ́ nínípọn ni wọ́n ń wọ̀, oníkálukú sì fi òwú ṣàmì sí tirẹ̀. Òwú pupa ni ti Ẹlẹ́rìn-ín.

Okùn kan gba òkè bẹ́líìtì kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá fà á, ẹ̀rọ á dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èjìká àwọn òṣìṣẹ́ a máa kàn án, ẹ̀rọ á dúró láìnídìí, ìwé ìdádúró á sì máa kún. Mánẹ́jà bínú títí. Ni olórí láìnì bá gun àga lọ́jọ́ kan, ó ká okùn náà sókè, ó so ó mọ́ páìpù. Bàbá Sípánà, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, wòkè, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ máa sá aṣọ síbẹ̀ ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ìdádúró dín kù, mánẹ́jà sì ní bí oṣù bá parí, láìnì kejì yóò bọ́ sí olórí láìnì lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá ìyá rẹ̀ dúró sílé ìwòsàn, olórí láìnì kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, láàárọ̀, oorun gbé e lọ lórí ìdúró. Dídákẹ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́ ló jí i. Etí apá aṣọ rẹ̀ ti ya. Ó rò pé ìṣó ló fà á. Ẹlẹ́rìn-ín ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì rẹ́rìn-ín. Olórí láìnì rò pé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ òun kí òun má kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Bàbá Sípánà fa ìbọ̀wọ́ kan yọ nínú ṣéènì tó ń yí bẹ́líìtì lẹ́nu ọ̀bẹ. Òwú pupa ló wà lára rẹ̀. Ó wo ìbọ̀wọ́, ó wo bẹ́líìtì, ó mirí. Àwọn tó kù ní Ẹlẹ́rìn-ín ti tún gbé e sórí ẹ̀rọ nìyẹn, tó fi já bọ́. Orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù náà, nítorí fìlà tó bọ́ lórí rẹ̀ àti páálí tó kó sódì.

Olórí láìnì mọ̀ pé ẹni tó bá lajú ìbá ti rí ìbọ̀wọ́ náà kó tó dé ṣéènì. Ó mọ ohun tó yẹ kó kọ. Ó mú bírò, ó kọ ọ́: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, ìbọ̀wọ́, Ẹlẹ́rìn-ín.

Mánẹ́jà bi Ẹlẹ́rìn-ín bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ẹlẹ́rìn-ín wo okùn tó wà lókè, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní òun ló ni ìbọ̀wọ́.

Wọ́n ní kó máa lọ sílé. “Ó kéré tán,” ó ní, “ara mi á móoru.”

Láìnì kejì bọ́ sọ́wọ́ olórí láìnì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí egungun ẹja. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà kọjá kó má baà gba iwájú ilé Ẹlẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá olórí láìnì gbádùn tó sì padà sílé, ọmọ jókòó tì í, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan oorun tó sùn. Ìyá náà gbọ́ ọ tán.

“Ẹsẹ̀ rẹ ò ṣẹ́,” ó ní. “Lọ bá a.”

Ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Ẹlẹ́rìn-ín ń fọ aṣọ níwájú ilé. Ó rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Olórí láìnì méjì! Ṣé o wá ká okùn aṣọ tèmi náà sókè ni?”

Olórí láìnì kò lè rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàfù náà.

“Ọ̀rẹ́ mi, mo sùn lọ́jọ́ náà. Ká ní mo lajú ni, mi ò bá ti mú ìbọ̀wọ́ rẹ kúrò kó tó já bọ́. Orúkọ rẹ ni mo fi bo oorun mi mọ́lẹ̀. Lọ́la, màá lọ sọ ọ́ fún mánẹ́jà.”

Ẹlẹ́rìn-ín ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ó sùn, òun kúkú ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un títí omi fi tán lára rẹ̀.

“Ọwọ́ rẹ ti ń wọ ẹnu ọ̀bẹ lọ,” ó ní, “mo nawọ́ sókè wá okùn, mi ò bá a, ni mo bá bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo jù ú sínú ṣéènì.”