Àwo Mẹ́wàá Tó Yẹ Kí Bàbá Gbọ́

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Wẹ́dà, ọkùnrin tó ń jó irin mọ́ra, kọ́kọ́ gbọ́ orin rọ́ọ̀kì, lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, ló gbé e wá láti ilé iṣẹ́ rédíò tó ti ń to àwo orin ní ìlú kejì. Gìtá ń ké, ìlù ń já lulẹ̀ bí òrùlé páànù.

"Irin ni mo ń lù látàárọ̀ dalẹ́," ni Wẹ́dà wí. "Ariwo tí mo fi ń jẹun, ṣé kí n tún máa fi ṣe fàájì ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá rẹ̀ ti ń pè é ní Aláriwo.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àpótí kan dé. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Aláriwo fúnra rẹ̀ ló gba orin sínú wọn, ó kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi bébà kan sínú àpótí náà. Wẹ́dà mọ nọ́ńbà. Téèpù tó fi ń wọn irin ló kọ́ ọ. Ó wo bébà náà títí, ó ká a, ó fi sábẹ́ àpótí irinṣẹ́. Nígbà ayé ìyàwó rẹ̀, ìyàwó ló máa ń ka lẹ́tà sókè, torí Wẹ́dà ní ojú ń ṣe òun bàìbàì. Ojú kan náà ló fi ń jó irin mọ́ra láìyẹ̀.

"Kí ló kọ?" ni aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ béèrè.

Aláriwo ti sọ ọ́ fún un lórí fóònù, Wẹ́dà sì tún un sọ. "Àwo mẹ́wàá tó yẹ kí gbogbo èèyàn gbọ́ kí wọ́n tó kú."

"Ta ló fẹ́ kú?"

Wẹ́dà gbọ́ ìdajì kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó pa á. Kò fọwọ́ kan ìyókù. Gbogbo Sátidé ni Aláriwo ń pe fóònù aránṣọ.

"Bàbá, ẹ ti gbọ́ ìkẹrin?"

"Mo ti gbọ́ ọ."

"Ẹ ṣe ohun tí mo kọ síbẹ̀?"

"Mo ṣe é. Ariwo ni."

Aláriwo á bú sẹ́rìn-ín.

"Irọ́ yìí ń dàgbà o," ni aránṣọ wí. "Ó máa tó hu irùngbọ̀n. Mú bébà yẹn wá, kí n kà á fún ọ."

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lè kà á?"

Ní Sátidé kẹwàá, Aláriwo kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ìkẹwàá ńkọ́?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ tán?"

"Látìbẹ̀rẹ̀ dópin."

"Kí lẹ wá rí sí i?"

Aránṣọ ń wò ó. Wẹ́dà gbóhùn sókè. "Ariwo lásán, bíi ti ìyókù. Má fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sílé mi mọ́."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣé."

Kò pè mọ́. Ní ilé iṣẹ́ rédíò, wọ́n ní ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sọ ibi tó ń lọ.

"Nítorí orin!" ni Wẹ́dà wí.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Lọ́jọ́ kan, ó jó orúkọ oníbàárà kan mọ́ géètì, ó dorí rẹ̀ kodò. Àwọn ọmọ iléèwé dúró níwájú géètì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà.

Bébà abẹ́ àpótí irinṣẹ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ kà. Ìlà kan fún Sátidé kan. Ó fọwọ́ bo ìyókù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkíní: *Ẹ má pa á kí ìlù tó wọlé.* Kò pa á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹrin: *Ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ jókòó.* Ó jókòó. Nígbà tó di ìkeje, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀. Ó ti ń to ohun tó máa sọ fún Aláriwo jọ, bó bá tún pè.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹwàá, ó kà á pé: *Èyí kì í ṣe orin.* Ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà.

"Bàbá, mo lóyún, ẹni tó ni ín sì ti sá lọ," ni ohùn Aláriwo wí; "ojú ń tì mí láti sọ ọ́ lórí fóònù aránṣọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ wá bímọ sílé, nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ èyí tán, tí mo sì bi yín, ẹ ṣáà ní kí n máa bọ̀." Ohun tó sọnù: ọmọ kan, ọmọ-ọmọ kan, ọdún mọ́kànlá.