Èédú Inú Ìkòkò Sóyà Kì Í Ṣe Oògùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já ìtàn yìí sí méjì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ káyé mọ̀ pé ó rẹ̀ yín.

1. Lábúlé wa ní gúúsù Kòríà, Màmá Bunrye, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iyọ̀ kímíṣì rẹ̀, ìyẹn kábéèjì tí à ń fi iyọ̀ àti ata tọ́jú de ìgbà òtútù. Lọ́dún yẹn, igba kábéèjì ló wà nílẹ̀, òtútù mú ìyá, ẹ̀yìn sì ń ro ó. Suryon, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ní kó jókòó. Ìyá bi í pé ṣé òun ti di arúgbó ni.

2. Ó yọ́ lo oògùn òtútù láàárọ̀. Ó lo ti ẹ̀yìn ríro, léraléra, ó tún fi ti orí fífọ́ lé e. Àwọ̀ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n parasitamọ́ọ̀lù kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà tí Suryon rí páálí òfìfo wọn, ó kà wọ́n, ó sì kígbe pé oògùn náà ti pọ̀ jù.

Gapsun aládùúgbò ní kò sí wàhálà. Ṣebí èédú la máa ń sọ sínú ìkòkò sóyà, omi ẹ̀wà oníyọ̀ tá a fi ń se ọbẹ̀, kó lè fa ìdọ̀tí? Á fa oògùn náà. Ni ìyá bá yọ èédú, ó ń gún un lódó.

“Èyí ni màá mu. Ìwọ lọ bu iyọ̀ sí kábéèjì.”

“Màmá, èédú ọbẹ̀ nìyẹn. Tó bá dọ̀la, ẹ bínú sí mi. Lónìí, ilé ìwòsàn là ń lọ.”

3. Dókítà fún un ní èédú tí wọ́n ṣe fún irú ọ̀ràn yìí, tó ń dì mọ́ oògùn nínú ikùn kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n pẹ́ ni, kò ní wúlò mọ́. Wọ́n tún fa oògùn tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ sí i lára. Ìyá rọra béèrè bóyá òun máa kú.

“Ẹ ò ní kú,” ni Suryon wí, ó ń nu èédú lẹ́nu rẹ̀. “Ta ni yóò máa bú mi?”

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún.

4. Ọjọ́ kẹrin ló padà sílé. Suryon ti parí kímíṣì. Ìyá tọ́ ọ wò.

“Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.”

Ó tún yanu fún òmíràn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ máa ka ohun tó wà lára páálí oògùn. Bí ẹ bá ti lò ó jù, ẹ má dúró de ìrora, ẹ má sì wá èédú ìdáná: ẹ̀dọ̀ lè máa bàjẹ́ kára ṣì le. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré lọ. Bó bá sì rẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ síta. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.