Òrùka Tó Bọ́ Sómi ní Galveston

Olúdọ̀tun Adéògún kì í gbé ẹsẹ̀ láì kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Òun ni ọ̀gá tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo kan ní Pasadena nílùú òyìnbó, ó sì ti gbé iṣẹ́ náà wálé. Tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù pálọ̀, àfi kó wọ bàtà onírin. Adérìnsọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé ìwé òfin lòun fẹ́, òun ò fẹ́ ọkọ.

Irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ló wá sọ fún, lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kejìlá, pé òrùka ìgbéyàwó òun ti bọ́ sínú òkun. Ó ní òun àtàwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ òun lọ ṣeré ní etíkun Galveston, òun kàn ki ọwọ́ bomi báyìí ni, òtútù mú kí ìka òun súnkì, òrùka bá yọ̀ lọ.

Òrùka náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rà ní mall. Yẹtí wúrà ìyá Olúdọ̀tun ni alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Abẹ́òkúta yọ́ tó fi rọ ọ́, kí màmá náà tó kú. Kò sí irú ẹ̀ mọ́. Àjọyọ̀ ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ìgbéyàwó wọn sì ń bọ̀ lóṣù Kejì. Àwọn ẹ̀gbọ́n Olúdọ̀tun máa wọkọ̀ òfuurufú wá láti ilé, ìka ìyàwó ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ wò. Adérìnsọ́lá sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Olúdọ̀tun ní kó dákẹ́, pé ohun tí òkun bá gbé mì, òkun ló ni ín, pé kò kúkú bá ẹ̀mí lọ.

Lọ́jọ́ Sunday, ó lọ kí Láyíwọlá ní ìlú Spring. Àpọ́n ni Láyíwọlá, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Nígbà tó dé láti Èkó, Olúdọ̀tun ló bá a wáṣẹ́, ló tún fún un ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́jọ. Wọ́n jẹun, wọ́n wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Olúdọ̀tun padà délé, ó ní òun ti yí ọkàn padà, àwọn máa wá òrùka náà rí.

"Nínú òkun?" Adérìnsọ́lá béèrè.

"Ibẹ̀ lo ní ó bọ́ sí, àbí ibẹ̀ kọ́?"

"Omi yẹn tutù, Dádì Tófúnmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?"

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dá lọ. Láyíwọlá á bá mi lọ."

Ẹ ò rí ọkọ bí. Ọkọ ẹlòmíràn á ra òmíràn, tiwa fẹ́ gbọ́n òkun gbẹ.

Ní Stafford, màmá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Evelyn ló ni ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìwárìn tí Olúdọ̀tun àti Láyíwọlá lọ. Ó ti ń wá wúrà lábẹ́ omi kí wọ́n tó bí Láyíwọlá. Ó kó ẹrù sílẹ̀ níwájú wọn: ẹ̀rọ tó máa ń ké bó bá kan irin, èyí tí omi ò lè wọ̀ tí iyọ̀ ò sì lè dà láàmú, aṣọ rọ́bà, bàtà, ìbọ̀wọ́, ìbòrí, àti ṣọ́bìrì oníhò tí iyanrìn máa ń jò gba inú rẹ̀.

"Òtútù omi kì í pariwo," Evelyn ní. "Ìka yín ló máa kọ́kọ́ kú. Ẹ má jẹ́ kómi kọjá ìbàdí. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ̀n, ẹ jáde. Kẹ́nì kan má sì dá wọ̀ ọ́ o."

Olúdọ̀tun kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fa ìlà méjì sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Ó mú aṣọ tó nípọn jù fún ara rẹ̀. Fún Láyíwọlá, ó mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan.

"Ti ìgbà ooru nìyẹn," Evelyn ní.

"Ara tiẹ̀ gbóná," Olúdọ̀tun dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ìbọ̀wọ́ tèmi ńkọ́?" Láyíwọlá béèrè.

"Ìwọ lo máa mú ṣọ́bìrì. Ọwọ́ tó ń wá nǹkan, ó yẹ kó lè mọ̀ ọ́n lára." Ó gbá a léjìká. "Ẹní bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù, àbúrò mi."

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kíní, atẹ́gùn ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Olúdọ̀tun ń ti ẹ̀rọ lọ níwájú, Láyíwọlá ń gbọ̀n tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ á ké, Olúdọ̀tun á ní, "Gbẹ́ ẹ." Láyíwọlá á gbẹ́ ẹ. Ìdérí ìgò ni. Wọ́n rí ṣíbí, wọ́n rí kọ́kọ́rọ́, wọ́n rí ìdérí ìgò sí i. Tó bá ti pé ogún ìṣẹ́jú, Olúdọ̀tun á mú un jáde, á fún un ní tíì gbígbóná, á yẹ ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì mú un padà sínú omi. Kì í ṣe ẹni tó máa pa ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, Láyíwọlá béèrè ìgbà tí wọ́n máa ṣe é dà.

"Mo ti pín etíkun náà sí ọ̀nà ogójì," Olúdọ̀tun ní. "A ti ṣe méjì. Tó bá fi máa di Easter, a ó ti ṣe díẹ̀."

"Easter, ẹ̀gbọ́n?"

"Òrùka Màámi ni."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Adérìnsọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé kó dáwọ́ dúró, pé ikọ́ ti mú Láyíwọlá. Olúdọ̀tun béèrè ẹni tó sọ fún un. Ó ní òun kàn rò ó ni.

Ní Sátidé kẹta, wọn ò tíì lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú omi tí Láyíwọlá fi ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ò ti ké rárá. Ó gbé e sókè. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó ní òun ti rí i. Òrùka náà mọ́ tónítóní. Olúdọ̀tun dì mọ́ ọn níbẹ̀, ó ní Ọlọ́run á san án fún un bó ṣe yẹ.

Nígbà tó délé, ó fi òrùka bọ ìyàwó rẹ̀ níka. Adérìnsọ́lá kúnlẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó dúpẹ́, ó dúpẹ́. "Ọlọ́run á bù kún Láyíwọlá náà," ó ní.

"Àmín," Olúdọ̀tun dáhùn, ó ń fi omi ẹ̀rọ ṣan iyọ̀ kúrò lára aṣọ rọ́bà rẹ̀, "mo ti ń rò ó pé kò ní mú un wá mọ́, láti Sunday tí mo ti rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìfọwọ́ nílé ẹ̀ ní Spring, níbi tó o bọ́ ọ sí kó o tó fọwọ́ jẹ̀bà."