Kóòṣì Tó Ní Kí Ẹnikẹ́ni Má Padà Sẹ́yìn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ wá sá lọ o. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n fi ṣe olórí nǹkan, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ kékeré.

1.

Ní Barnawa, ní ìlú Kaduna, àwọn Yorùbá kan máa ń kóra jọ láàárọ̀ Sátidé lórí pápá iléèwé kan láti ṣeré ìdárayá. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, tàgbà tọmọdé. Akóredé ni kóòṣì wọn. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n á fa okùn, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á gbé àpò iyanrìn sáré, lọ́jọ́ mìíràn àwọn ìyá á máa fo okùn bí ọmọdé, ẹ̀rín á sì gba gbogbo pápá.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jókòó yíká, kálukú á sọ bí ara rẹ̀ ṣe jí. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ kò ní sáré. Yóò jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò, yóò máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn yòókù. Bí wọ́n bá sì ń sáré, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin gbọ́dọ̀ padà lọ bá ẹni tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n jọ wọlé. "Dawo" ni wọ́n ń pe èyí, bí Háúsá ṣe ń sọ pé "padà wá".

Ẹni tí wọ́n sábà máa ń padà lọ mú ni Abdulganiyu, Bàbá Alimat, télọ̀ ará Ìlọrin tó ń ránṣọ ní Tudun Wada. Ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀, àwàdà rẹ̀ sì ń ṣáájú ikùn.

"Ẹ má kánjú o!" ni yóò máa pariwo láti ẹ̀yìn. "Èmi ni ọba yín, ọba kì í ṣáájú ẹmẹ̀wà!"

2.

Ẹgbẹ́ kan ní àdúgbò Nasarawa gbé fídíò tiwọn sórí Fesibúùkù. Àwọn ọkùnrin wọn rí gbagidi, gbogbo wọn ń sáré lórí ìlà kan bí ṣójà. Akóredé wo fídíò náà títí, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ìlara ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó kéde pé okùn fífà ti parí, okùn fífò náà ti parí. Ó ní ìjókòó yíká ń fi àkókò ṣòfò. Eré sísá nìkan ló kù, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Dawo ńkọ́, Kóòṣì?" Tiwalọlá, ọmọ yunifásítì kan nínú wọn, bi í.

"Kò sí dawo mọ́. Ẹni tó ń sáré tó ń wo ẹ̀yìn, yóò fẹsẹ̀ kọ."

"Haba, Kóòṣì! Wallahi, kò ní dùn mọ́."

"Ṣé adùn la wá wá síbí ni?"

Díẹ̀díẹ̀ ni èrò ń dín kù. Àwọn ìyá ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá Alimat kò lọ ní tirẹ̀. Dókítà ti ní kó máa ṣeré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ ló sì fẹ́ràn àwọn èèyàn náà.

3.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, oòrùn ti mú láti àárọ̀. Bàbá Alimat ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà tí Mùsùlùmí ń fi tẹ̀lé Rámàdánì. Tẹ́lẹ̀, ìjókòó yíká ni ì bá ti sọ ọ́. Ní báyìí, Akóredé ti na fóònù síta, ó ń ká wọn sínú fídíò. Ojú ti bàbá náà láti dá nìkan jókòó, ló bá tẹ̀lé wọn.

Bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́nu géètì láti yí àdúgbò ká, Bàbá Alimat dúró. Ó di igi kan mú, ó na ọwọ́ kan sókè. Akóredé rí i. Ẹ ṣàkíyèsí o: ó rí i.

Tiwalọlá yà kúrò lórí ìlà. "Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n lọ mú Bàbá."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn!" Akóredé jágbe mọ́ ọn. "Àwàdà rẹ̀ náà ni. Fi í sílẹ̀, yóò wá fúnra rẹ̀!"

Tiwalọlá padà sórí ìlà, ó ń bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n fi máa yí àdúgbò ká padà dé, Bàbá Alimat ti wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

4.

Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é ní ilé ìwòsàn. Amudat, ìyàwó rẹ̀, sáré dé pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́.

"Akóredé, ṣé ẹ tètè rí i?"

"A ò rí i, Ìyá Alimat. Ẹ̀yìn pátápátá ló wà. A ò mọ̀."

Tiwalọlá ń wo ilẹ̀. Amudat gba Akóredé gbọ́, ó tilẹ̀ ṣàdúrà fún un: "O ṣé tí o gbé e wá. Olúwa á san án fún ẹ, ọmọ mi."

Ọkàn Akóredé gbọgbẹ́. Ó délé, ó pa fídíò tó ká lọ́jọ́ náà rẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá a pa ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ rẹ́? Ó ń gbé ọsàn lọ kí bàbá náà, gbogbo "o ṣé" tí Amudat ń sọ fún un sì ń ta á bí agbọ́n. Ó fẹ́ jẹ́wọ́ nígbà púpọ̀, ojú kò jẹ́.

5.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Amudat fi ayọ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Alhamdulillahi! Ó ti ń sọ̀rọ̀! Bàbá Alimat, Akóredé rèé o, ẹni tó gbé yín dé ilé ìwòsàn."

Bàbá Alimat jókòó, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń di sísọ́ọ̀sì mú kú sórí itan rẹ̀. Ó wo Akóredé títí. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Mo gbọ́ ẹ."

"Ẹ... ẹ gbọ́ kí ni, Bàbá?"

"Mo gbọ́ nígbà tí o ní kí ọmọ yẹn má wá. Mo ń pè yín. Ohùn ni ò jáde."

Amudat gbé abọ́ kókó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Akóredé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Mo rí yín, Bàbá. Mo purọ́. Mo rí yín. Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́," ni Bàbá Alimat wí. Ó gbìyànjú láti fọwọ́ kàn án lórí, ọwọ́ náà kò gbéra.

Amudat kò bú u, kò sì ṣépè. Ó kàn lọ ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró tì í títí Akóredé fi dìde jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra! Kí ara lè le la ṣe ń ṣeré ìdárayá. Ẹ má sọ ọ́ di ohun tí ẹ ó fi máa ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ kó dùn, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ máa bi ara yín léèrè àlàáfíà. Bí ẹnì kan bá gbẹ̀yìn, ẹ dúró dè é lónìí, torí ẹkún ọ̀la kò wo ẹni tó ti ṣubú sàn. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ wà nínú wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.