Ọkọ Àtọ́kẹ́ Ló Ni Kọ́ńsáàtì

Kò sẹ́ni tí Àtọ́kẹ́ ò tíì dá dúró ní Ọjà Ọba.

“Kọ́ńsáàtì kọ́lẹ́ẹ̀jì di ọ̀la, ẹ má pẹ́ o! Láìsí ọkọ mi, dùùrù ò lè dún.”

Ọjọ́ kejì, iwájú pátápátá ló jókòó sí. Ó lé ìyàwó tíṣà sẹ́yìn.

Dùùrù ńlá tí wọ́n fi orí rù wá láti Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Orí Àtọ́kẹ́ wú. Ó dìde, ó ń ki Ọlálẹ́yẹ ọkọ ẹ̀:

“Àkàndé! Ọmọ ọdẹ ayìnbọn-má-tàsé!”

Ta ni wọ́n ń kì tí ara ẹ̀ ò ní yá?

Ọkọ ẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn dùùrù, òógùn bò ó, ó ń juwọ́ sí èrò.

Ni dùùrù bá mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

Tíṣà tó ń tẹ̀ ẹ́ figbe ta: “Ọlálẹ́yẹ! Padà sídìí ẹwìrì! Dùùrù ò rí atẹ́gùn mọ́!”

Àtọ́kẹ́ kọjú sí èrò.

“Ẹ ti rí i báyìí. Ṣé mo purọ́ fún yín ni?”