Bàtà Tó Kù Lẹ́nu Géètì Igbó

Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti kúrò létí òkun wa, ṣùgbọ́n òórùn iyọ̀ ibẹ̀ ṣì máa ń bá mi lójú oorun. Èmi àti Bùrọ̀dá Akínsẹ̀hìnwá la jọ ń mú àwọn àlejò gba orí afárá pákó wọ inú igbó, kí wọ́n lè lọ wo àpáta tó ń yọ lójú òkun. Igbó ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà sẹ́nu géètì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àlejò lọ tán, ilẹ̀ ń ṣú, bàtà kan ṣì kù nílẹ̀, ó tutù rinrin.

"Bùrọ̀dá, a ti fẹ́ ti èèyàn mọ́nú igbó! Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

"Gbogbo wọn ló wọ bàtà lọ. Àbí ojú mi ló fọ́ ni? Fi í sílẹ̀ di àárọ̀, má sì pe ẹnikẹ́ni."

Èmi olórí kunkun, mo pariwo sínú igbó: "Ẹni tó ni bàtà, ẹ máa bọ̀ o! A fẹ́ tilẹ̀kùn!"

Gbogbo ẹyẹ dákẹ́. Ìró òkun pàápàá dákẹ́. Ni ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún bọ̀ lórí pákó, pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Bùrọ̀dá sáré ti géètì.

"O ti pa wá, ọmọ yìí!"

Ẹsẹ̀ náà dúró lẹ́yìn irin géètì. A ò rí ẹnikẹ́ni. Ohùn kan rọra bi wá, bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà:

"Ta ló pè mí nínú yín?"

Bùrọ̀dá Akínsẹ̀hìnwá, tí mo ń bá jẹun nínú àwo kan náà lójoojúmọ́, na ìka sí mi.