Kí Wọ́n Lè Mọ̀ Mí

Mo yọ gíláàsì mi kí n tó fi ojú sí ihò kámẹ́rà. Lẹ́ǹsì kúkurú kò mú ojú Màmá Àríyíkẹ́ dáadáa, mo bá fi èyí tó gùn pààrọ̀ rẹ̀, mo ń rọra yí òrùka ara rẹ̀ tó ń mú kí àwòrán hàn tàbí kó ṣú. Ilà pélé ni mo máa ń wò. Bí etí ilà bá ti hàn ketekete, fótò náà á dára. Ojú Màmá Àríyíkẹ́ nìkan ló ṣẹ́kù ládùúgbò wa tí ilà wà.

"Ilà mi ni kó hàn o, Fótò," ni màmá wí. "Fótò yìí ni wọ́n máa gbé síwájú pósí mi."

Mo yà á, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e fún Jírádé ọmọ rẹ̀. Láti ìkókó ni Jírádé ti ń lo gíláàsì tó ń pa ilà àti àpá ojú ẹlòmíì rẹ́ mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ lójú, bí òfin ṣe wí fún gbogbo wa. Àmọ́ gíláàsì ò lè pa ti orí bébà rẹ́.

Ó wo fótò náà títí. "Ta ló fi abẹ ya ojú màmá yìí? Ẹ ti gbé ti ẹlòmíì fún mi."

Màmá fọwọ́ tọ ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó padà jókòó.

"Fótò, tún un yà. Jẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ mí."

Mo fi ojú sí ihò, mo yí òrùka náà sẹ́yìn títí ilà náà fi pòórá.